Ẹ má da sàká pọ̀ mọ́ sàráà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ìjọ Mùsùlùmí tó kéré níye láàárín ẹlẹ́sìn mìíràn a máa fẹ́ ṣoore fún aládùúgbò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ju àìtó owó lọ ni àpótí kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí sàká (ọrẹ ọ̀ranyàn tó wà lọ́rùn Mùsùlùmí tó ní) àti sàráà (ọrẹ àtinúwá) jọ ń wọ̀.

Sàká ní àwọn tó ni ín. Oríṣi ènìyàn mẹ́jọ ni Àlùkùránì kà sílẹ̀ ní orí 9, ẹsẹ 60. Tálákà ló ṣíwájú. Onígbèsè àti arìnrìn-àjò tí ọ̀nà há mọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀ ní tálákà tó jẹ́ Mùsùlùmí ni ká fún. Sàráà kò ní ààlà yìí, ẹlẹ́sìn yòówù lè jẹ níbẹ̀. Bí a bá wá fi owó àpótí kan náà se oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò, ẹni tó san sàká kò ní mọ̀ bóyá gbèsè Ọlọ́run ti kúrò lọ́rùn òun.

Àpótí méjì ló yẹ, kí àwọ̀ wọn yàtọ̀, kí orúkọ wà níwájú kọ̀ọ̀kan gàdàgbà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹni méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà jọ ka owó inú wọn, kí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fi fóònù sanwó tí kò kọ èyí tó jẹ́ sí i, kí a bi í. Kí a má ṣe méfò.

Sàká ìtúnu ààwẹ̀ ló máa ń dàrú jù. Sáà kan (òṣùwọ̀n oúnjẹ) ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, bíi kílò 2.5 sí 3 oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ tálákà kí ìrun ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ìjọ tó bá di òru ọdún kó tó wá àwọn tó máa gbà á, ẹni tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò kó lọ, arúgbó tí kò lè jáde nílé kò ní rí nǹkan kan. Kí orúkọ àwọn tó máa gbà á àti iye ẹnu inú ilé wọn ti wà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwọn sàhábà (alábàákẹ́gbẹ́) Ànábì pàápàá ti ń gbé e jáde ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọdún.

Nípa ti àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ki ìwé ìwàásù bọ inú àpò oúnjẹ. Aládùúgbò á rò pé ìdẹ ni. Kí a má sì ya àwòrán ojú ẹni tó ń gbà á: orí 2, ẹsẹ 264 ní ìrègún àti ìpalára a máa ba sàráà jẹ́. Bí ìjọ bá fẹ́ fi ẹ̀rí han àwọn olówó, kí wọ́n ya àwòrán àwọn àpò tí a ti dì tán lórí tábìlì, kí ìlẹ̀kùn tó ṣí.

Àwa tí à ń bójú tó sàká àti sàráà nínú ìjọ kékeré