Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí A Kò Fi Ní Yá Kẹ̀kẹ́ Lọ Sí Adágún Ọyán Nígbà Òjò

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ̀ ń ná ṣọ́ọ̀bù wa. Láti ọdún yìí lọ, a kò ní yá ẹnikẹ́ni ní kẹ̀kẹ́ orí òkè láti fi gba àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà lẹ́bàá adágún dáàmù Ọyán, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Kẹwàá. Bákan náà, ẹni tó bá yá kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nínú adágún náà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi wá léèrè ìdí rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti sọ ọ́ lójú wa pé òfin náà ti le jù. Ó tọ́ kí a ṣàlàyé, nítorí owó yín lẹ fi ń yá kẹ̀kẹ́, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó mú wa fi ààlà sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè tó yí Lake Tahoe ká ní Amẹ́ríkà ló ń béèrè jù. Ibẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Àárín òkè ni adágún náà wà, lórí ààlà ìpínlẹ̀ California àti Nevada. Ojú omi rẹ̀ fi nǹkan bí 1,900 mítà ga ju òkun lọ, ibi tó sì jìn jù nínú rẹ̀ tó 500 mítà. Ọ̀nà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni wọ́n ń pè ní Flume Trail, ní ìhà ìlà oòrùn adágún náà. Nígbà ayé àwọn tó ń wa fàdákà ní Virginia City, ìlú kan ní Nevada, ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ sí ara òkè kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ ìwakùsà parí, ojú ọ̀nà omi náà di ahoro, ó sì wá di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà tóóró ni. Bí òkè ṣe dúró gbagidi ní ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹni tó ń kọjá á sì máa wo omi búlúù náà nísàlẹ̀.

Ohun tí fídíò kì í sábà fi hàn ni pé ibẹ̀ náà ní ìgbà tirẹ̀. Yìnyín máa ń bo ọ̀nà yẹn nígbà òtútù, àwọn tó fẹ́ gbà á á sì máa dúró títí yìnyín á fi yọ́, èyí tó sábà máa ń di nǹkan bí oṣù Kẹfà. Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀nà orí òkè Tahoe ni kẹ̀kẹ́ lè gbà, nítorí òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní 1964 láti dá àwọn igbó kan sí wà lára ohun tó mú kí kẹ̀kẹ́ di èèwọ̀ nínú wọn, irú igbó bẹ́ẹ̀ sì wà lágbègbè adágún náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀nà wọn yẹ kó fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní tiwa, Ọyán kì í ṣe adágún orí òkè. Odò Ọyán ni wọ́n sé, ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí àríwá ìwọ̀ oòrùn Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ṣí dáàmù náà ní 1983. Omi ibẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń sẹ́ fún àwa ará Abẹ́òkúta àti àwọn ará Èkó. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga púpọ̀. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lágbègbè Olúmọ rí ti rí òkè tó ju ti Ọyán lọ. Ilẹ̀ gan-an ni ìṣòro ibẹ̀. Yangí ló pọ̀ jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń gan, táyà tó ní eyín á sì dì í mú dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku pupa á bo èèyàn látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, amọ̀ á lẹ̀ mọ́ táyà, á kún àárín fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Ojú ipa tí táyà bá sì gbẹ́ sínú ẹrẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń fi ọ̀kadà kó ẹ̀gẹ́ jáde lóko ni yóò máa já sí kòtò tí a fi eré ọjọ́ kan gbẹ́ sílẹ̀ fún wọn, a kò sì fẹ́ kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bíréèkì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí jù. Kẹ̀kẹ́ tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń yáni ló ń fi rọ́bà fún rímù láti dúró. Nígbà tí ẹrẹ̀ yangí bá wọ àárín rọ́bà àti rímù, ẹ ó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ń fi yanrìn ha ìkòkò. Ìró yẹn, rímù ló ń jẹ. Rọ́bà tó yẹ kó pẹ́ lè jẹ tán láàárín ìrìn àjò kan péré nínú ẹrẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lè tẹ bíréèkì kó má rí i mú. Àwọn tó dá eré gígun kẹ̀kẹ́ lórí òkè sílẹ̀ ní California láàárín àwọn ọdún 1970 náà bá bíréèkì jà púpọ̀: kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì rẹ̀, tó wà nínú àárín wíìlì ẹ̀yìn, á sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á fi jó dànù. Ní ti táyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí fúkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fún ti ọ̀kadà. Tí gééjì bá ti wà láàárín 30 sí 35 PSI, ó tó fún ọ̀nà ẹsẹ̀. Táyà tó le jù máa ń ta lórí òkúta, kì í dì í mú.

Ní ti omi adágún, ọ̀rọ̀ ìlera ni, a kò sì ní dẹwọ́ níbẹ̀ rárá. Àwọn oníṣègùn àti àwọn olùwádìí ti rí àtọ̀sí ajá, àrùn kan tí kòkòrò inú omi ń fà, láàárín àwọn ará abúlé etí dáàmù Ọyán, pàápàá láàárín àwọn ọmọdé. Inú ìṣáwùrú kéékèèké tó ń gbé ní etí omi ni kòkòrò àrùn náà ti ń dàgbà kó tó jáde sínú omi. Kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi; ara tó bá kan omi ló ń gbà wọlé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ọgbẹ́ kankan. Ẹni tó wọ́ kẹ̀kẹ́ sínú omi dé orúnkún láti fọ̀ ọ́ ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Fífi aṣọ nura lẹ́yìn náà kò tó láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ ni àmì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kó tó hàn. Bí ẹ bá ti wọ omi náà rí, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ṣàlàyé fún wọn, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, dókítà ni yóò sì sọ bí ẹ ó ṣe lò ó. Ẹ kàn gbé kẹ̀kẹ́ wa padà pẹ̀lú ẹrẹ̀ rẹ̀. Omi kànga ni a ó fi fọ̀ ọ́, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò ní omi mìíràn lọ́pọ̀ ìgbà ju adágún náà lọ, nítorí náà ẹ má fi ojú ẹlẹ́gbin wo ẹni tó ń fọṣọ tàbí tó ń pẹja níbẹ̀. Ẹ máa kí wọn. Bí ẹ bá pàdé ìyá tó ru igi lójú ọ̀nà tóóró, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ yà fún wọn. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, ẹ má sì gun orí ògiri dáàmù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, a ó máa yá kẹ̀kẹ́ fún ojú ọ̀nà ọ̀dà nínú ìlú, iye owó rẹ̀ kò sì yí padà. Àwọn tó ti san àsansílẹ̀ fún Ọyán láàárín àwọn oṣù náà lè gba owó wọn padà, tàbí kí a sún ọjọ́ wọn sí oṣù Kọkànlá tàbí oṣù tó bá wù wọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n ṣáà mú rìsíìtì wọn wá.

Tiyín ní tòótọ́,
Oníṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ yín, Abẹ́òkúta