Lẹ́tà sí Àǹtí Kẹ́hìndé: ẹ jẹ́ kí n yà yín ní ìsọ̀ yín

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o, ẹ kú òógùn ojú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ka nǹkan gígùn lórí fóònù, mo ti bẹ Bọ́sẹ̀ pé kó kà á fún yín lálẹ́ tẹ́ẹ bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan. Mo gbé e síta gbangba báyìí torí pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fọwọ́ bojú tẹ́ẹ bá ti rí kámẹ́rà mi, tẹ́ẹ máa ní "má yà mí báyìí o, mi ò tíì múra". Gbogbo ìyá tí mo mọ̀ tó ń tajà láti Ìdúmọ̀tà títí dé Múṣín ló ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí àwọn náà bá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n yà yín ní fọ́tò ní ìsọ̀ yín ní Òyìngbò, bẹ́ẹ ṣe wà níbẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìró àǹkárá tó ti ṣá yẹn, àpò owó tẹ́ẹ máa ń so mọ́dìí, kóńgò lọ́wọ́ yín, eruku ẹ̀lùbọ́ lápá yín. Kò sí gèlè, kò sí pọ́dà.

Ẹ bi mí lọ́jọ́ Kérésì pé kí ni mò ń rí jẹ nídìí kámẹ́rà yìí. Mi ò rí kọ́bọ̀ jẹ níbẹ̀ o, iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mò ń ṣe ní Màrínà ló ń bọ́ mi, èyí tó kù yìí ìfẹ́ ni. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni, Canon 600D, irú èyí tó jáde ní 2011, Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, mo wá ra lẹ́ǹsì 50mm kékeré kan mọ́ ọn. Lẹ́ǹsì yẹn kì í fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tòsí, tí mo bá fẹ́ kí ojú èèyàn hàn dáadáa, àfi kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá a, kí n kí i, kí n sọ ohun tí mo bá wá, kí n dúró gbọ́ èsì ẹ̀. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé mo máa ń gbé kámẹ́rà sínú báàgì ọjà lásán, torí ẹni tó bá fi báàgì kámẹ́rà dúdú yẹn kọ́rùn ní Ìdúmọ̀tà, ṣe ló ń ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò wá bá ara ẹ̀, mo á wọ dánfó láti Òyìngbò, a ó gba Káàtà Bíríìjì wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo á sì máa rìn kiri kí oòrùn tó mú. Ẹni tó ń dín àkàrà, àwọn bàbá tó ń ta ayò, ọmọ tí wọ́n ń di irun fún lẹ́nu ọ̀nà, fọkanáísà tó ń fẹ́ táyà. Àwọn nǹkan tó jẹ́ pé èèyàn á kọjá lára ẹ̀ tí ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá délé, mo á nu kámẹ́rà, mo á tì í mọ́nú ike oníderí pẹ̀lú àwọn sásẹ́ẹ̀tì kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà Èkó yìí ò dáa fún lẹ́ǹsì rárá, nǹkan funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú gíláàsì ẹ̀ bó ṣe máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́, tó bá sì ti hù wọ inú, ó di owó ńlá.

Àǹtí, ẹ rántí fọ́tò tó wà ní pálọ̀ Màmá Àgbà ní Ìlá. Àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì, aṣọ kan náà, bàtà kan náà, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ lórí orúnkún, wọ́n ń wo iwájú gán-án. Mo ti ń rí i látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìgbà tí mo bi yín pé èwo ni ẹ̀yin nínú àwọn méjèèjì, ẹ ní "èmi náà ni méjèèjì". Àǹtí Táíwò ti lọ kí onífọ́tò tó dé, ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó, ó wá fi páálí dúdú bo ìdajì bébà nínú yàrá òkùnkùn ẹ̀, ó tẹ̀ yín sí ìdajì kejì, ó tún bo èyí tó ti tẹ̀, ó sì tún tẹ̀ yín síbi tó kù. Tẹ́lẹ̀ rí ère ìbejì ni wọn ìbá gbẹ́. Ìgbà táwọn èèyàn ti di onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ ò fẹ́ ère nínú ilé mọ́, fọ́tò ló bọ́ sípò ẹ̀ fún àwọn kan, àwọn onífọ́tò Ìlá sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá bá wọn níbẹ̀, ó sì kọ nípa ẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan tó jáde ní 1978, òun náà ló kọ nípa bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń jókòó fún fọ́tò, kí ara kọjú síwájú tààrà, kí ọwọ́ wà lórí orúnkún, kí etí méjèèjì hàn. Bẹ́ẹ ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́mọdé náà nìyẹn.

Látìgbà yẹn, bẹ́ẹ ṣe ń jókòó fún fọ́tò ò yí padà. Mo ti tú gbogbo álúbọ́ọ̀mù yín wò. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú Màmá Àgbà, ọgọ́ta ọdún yín, aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi, gèlè tó ga. Wọ́n dáa, mi ò ní kẹ́ẹ má ṣe wọ́n mọ́, ìjókòó àgbà yẹn ní iyì tí èmi gan-an máa ń gbìyànjú láti mú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tẹ́ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ yẹn ló rán Bọ́sẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ síléèwé, òun ló kọ́lé Ìkòròdú, òun lẹ fi gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó tí mi ò mọ ẹnì kankan. Ọmọ Bọ́sẹ̀ tó bá dàgbà tó ń tú álúbọ́ọ̀mù yẹn ò ní rí i. Bíi ti Màmá Àgbà náà ni. Ata ni wọ́n tà títí wọ́n fi darúgbó, fọ́tò wọn tó wà nílẹ̀ lónìí ò ju ti páásípọ́ọ̀tù tí a fi ṣe ìwé ìsìnkú àti èyí tí wọ́n ya níbi ìgbéyàwó yín. Mi ò mọ bí ìsọ̀ wọn ṣe rí. Mi ò mọ irú igbá tí wọ́n fi ń wọn ata. Mo ti bi gbogbo yín, ohun tí oníkálukú ń sọ yàtọ̀ síra.

Ṣé ẹ rántí onílé gogoro àti kòrobá, àwọn irun tẹ́ẹ ní ẹ ń di nígbà tẹ́ẹ wà lọ́mọge? Bàbá onífọ́tò kan wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Edo tó fi Èkó ṣe ilé, J. D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, ó ń yà wọ́n ní títì, ní ọ́fíìsì, níbi àríyá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìpàkọ́ ló máa ń yà kí dídì irun náà lè hàn, ó sì yà á tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Irun lásán ni lójú ẹni tó dì í nígbà yẹn, ó mọ̀ pé òun á tú u tó bá yá. Bàbá yẹn kú ní 2014, ọdún tó ṣáájú ikú ẹ̀ ni wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò irun yẹn ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, tí gbogbo ayé ń wò ó. Ọmọ ìsinsìnyí tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń di onílé gogoro, ibẹ̀ ló máa lọ wò ó.

Èkó yìí náà kì í dúró de èèyàn. Ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar nítòsí Tinúubú, ìjọba ti kéde ẹ̀ ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Fọ́tò ló kù. Ẹ wo Òyìngbò fúnra ẹ̀, ta ló rò pé ọkọ̀ ojú irin Red Line á máa gbéra níbẹ̀ lọ Àgbádó? Ní 2024 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Tí wọ́n bá tún ọjà yẹn tò lọ́la, tí wọ́n bá ní kí gbogbo yín kó kúrò lápá ibi tẹ́ẹ wà yẹn, níbo la ti máa rí ìsọ̀ yín?

Mo mọ èyí tó ń dùn yín jù, ẹ ò kàn fẹ́ máa sọ ọ́ ni. Ẹ ní dúdú yín kì í jáde dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ ní fọ́tò ìgbéyàwó yín tó jẹ́ aláwọ̀, tí kì í ṣe dúdú àti funfun, eyín àti léèsì nìkan lèèyàn ń rí, ìyẹn lẹ ṣe fi í pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí. Àǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ẹ̀bi ara yín kọ́. Láyé fíìmù, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fíìmù kí wọ́n fi wo bóyá àwọ̀ tí ẹ̀rọ wọn ń gbé jáde gún, obìnrin òyìnbó ló wà nínú ẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Tí ara Shirley bá ti jáde dáadáa, ó parí, ẹ̀rọ ti gún nìyẹn. Wọn ò fi irú ara tiwa wọ̀n ọ́n rárá. Ìgbà táwọn tó ń ta ṣokoléètì àtàwọn tó ń ta àga onígi ráhùn pé àwọ̀ ọjà àwọn ò yàtọ̀ síra nínú fọ́tò ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù ṣe kó lè mú àwọ̀ tó dúdú dáadáa, ó sì di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó fi aláwọ̀ dúdú kún àwọn tó wà nínú fọ́tò ìwọ̀n yẹn. Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rántí ẹ̀, pé ẹ fi fọ́tò ìgbéyàwó yín pamọ́ gbogbo ọdún yìí nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí fíìmù níbi tẹ́ ò dé rí.

Kámẹ́rà òde òní náà ní tiẹ̀. Kò mọ èèyàn, ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, ibi yòówù kó kọjú sí, ó fẹ́ kó já sí àárín méjì, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Tó bá rí adúmáadán nínú ìsọ̀ tó ṣókùnkùn, á ní ìmọ́lẹ̀ ò tó, á wá tan án jù, dídán ara yẹn á pòórá. Tẹ́ẹ bá wọ léèsì funfun lọ sóde, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú yín á wá ṣókùnkùn. Ìyẹn lèmi kì í ṣe í jẹ́ kó dá a ṣe, ojú yín ni mo máa wọ̀n, mo á fọwọ́ ara mi ṣètò ẹ̀ kó lè bá ojú yín mu, ohun tó kù kó ṣókùnkùn bó bá wù ú.

Mo ti wo ìsọ̀ yín lọ, mo ti wò ó bọ̀. Ìlà oòrùn ló kọjú sí. Nǹkan bí aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó gòkè, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba abẹ́ tàpólì wọlé tààrà, á bà lé abọ́ láfún tẹ́ẹ máa ń gbé síwájú, láfún yẹn á sì ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú yín láti ìsàlẹ̀, rọra, débi pé gbogbo ilà ojú yín àti abẹ́ ojú yín ló máa ń tàn. Àwọn onífọ́tò tó ń gbowó máa ń ra nǹkan funfun pẹrẹsẹ kan kí wọ́n lè rí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ń tà á ní kóńgò. Tó bá ti di aago mọ́kànlá, ó ti bàjẹ́, tàpólì búlúù yẹn á ti kun gbogbo èèyàn ní búlúù, ambúrẹ́là pupa ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ti kun gàrí tiẹ̀ ní pupa. Tó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, kò sóhun tó dà bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yẹn. Ìgbà tẹ́ẹ bá sì da ẹ̀lùbọ́ láti inú àpò sínú abọ́, eruku ẹ̀ máa ń gbéra sókè nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn, tí mo bá fi 1/500 yà á, ìyẹn ni pé kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan péré nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìṣẹ́jú àáyá kan, á dúró sójú kan lófuurufú, ẹ ó rí i hóró hóró. Ọwọ́ yín náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ ṣe máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí kóńgò kẹ́ẹ tó wá bu èènì sí i. Mo ti rí i tó pẹ́ láìyà á, torí ẹ ní kí n má yà á, mi ò sì ní jí yín yà láéláé.

Ẹ má bẹ̀rù pé mo máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn tó ń mú fọ́tò ẹlòmíì ṣe ìkà, mo sì mọ̀ pé ojú yín, tiyín ni. Kò ní kúrò lọ́wọ́ èmi àti ẹ̀yin. Tẹ́ẹ bá wò ó tí ò wù yín, mo á pa á rẹ́ lójú yín níbẹ̀. Tó bá wù yín, mo á lọ tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, kó tóbi tó èyí tó wà ní Ìlá, kí Bọ́sẹ̀ mú ọ̀kan, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín. Fọ́tò àkọ́kọ́ tẹ́ẹ jókòó fún láyé, ẹ bá Àǹtí Táíwò jókòó níbẹ̀ ni. Àwọn tó tẹ̀ lé e, ẹ bá ẹbí jókòó. Èyí, mo fẹ́ kó jẹ́ tiyín.

Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ní lọ́kàn. Mo á ti dé kí aago méje tó lù, mo á ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn dání ká jọ jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ má pààrọ̀ aṣọ nítorí mi, ẹ má sì sọ fún ìyá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó má di pé òun náà á lọ wé gèlè. Tí oníbàárà bá dé, ẹ dá a lóhùn, kẹ́ẹ wọn ọjà fún un, mo á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ẹ bá gbà, ẹ ní kí Bọ́sẹ̀ bá yín tẹ fóònù, kẹ́ẹ sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, "máa bọ̀" lásán ti tó. Ẹ bá mi kí Dádì.

Ọmọ yín ní Ẹ̀búté Mẹ́ta.