Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ: mọ ohun tó bọ́ gan-an kí o tó wá òmíràn

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé wọ́n ti ní kí o máa lọ sílé níbi iṣẹ́ àkáńtì rẹ. Pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ, mo sì mọ̀ pé èyí dùn ọ́ ju àwọn tó ṣáájú lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́: má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ káàkiri láti ọ̀la. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó bọ́ lọ́wọ́ òun gan-an, ibi tó ti ṣubú tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún sáré padà sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé àti owó ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí wọn kì í dúró de èèyàn.

Má fọwọ́ sí ìwé kankan lójú ẹsẹ̀. Sọ fún wọn pé o fẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti kà á. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n dín kù, kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́ láti kọ̀wé pé ìwọ lo fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sábà máa ń pàdánù owó tó tọ́ sí ẹni tí wọ́n dá dúró. Béèrè owó oṣù tó kẹ́yìn, owó tí wọ́n ń san bí wọn kò bá fún èèyàn lákòókò ìkìlọ̀, owó ọjọ́ ìsinmi tí o kò lò, àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ìwé owó orí, àti ìwé tó jẹ́rìí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí.

Ti ọjọ́ ìsinmi yẹn, ìwọ fúnra rẹ ni kí o ṣírò rẹ̀. Bí owó oṣù bá jẹ́ 660, tí wọ́n pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, owó ọjọ́ kan jẹ́ 30. Bí wọ́n bá pín in sí 30, tó jẹ́ gbogbo ọjọ́ inú oṣù, owó ọjọ́ kan di 22. Lórí ọjọ́ 10, 300 ni ti àkọ́kọ́, 220 ni ti èkejì. Béèrè èwo ni wọ́n lò, kí o sì wo ohun tí ìwé àdéhùn rẹ sọ. Kí o tó dá kọ̀ǹpútà wọn padà, kọ nọ́ńbà fóònù àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí o sì kó ohun tó jẹ́ tìrẹ. Fáìlì ilé iṣẹ́ kì í ṣe tìrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ lo kọ ọ́. Ẹjọ́ ló ń bí.

Lẹ́yìn náà, ṣírò iye oṣù tí owó ọwọ́ rẹ lè gbé ọ dé. Kó èyí tó wà nílẹ̀ àti èyí tó dájú pé ó ń bọ̀ pọ̀, kí o sì fi ìnáwó oṣù kan pín in, lẹ́yìn tí o bá ti gé gbogbo ohun tí ẹ lè yẹra fún. Bí o bá ní 1,200, tí ilé ń ná 150 lóṣù, oṣù 8 nìyẹn. Yọ 2 kúrò níbẹ̀, torí iṣẹ́ tuntun kì í sanwó lọ́jọ́ tí èèyàn wọlé, ètò ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Oṣù 6 ni tìrẹ. Kọ ọjọ́ tí oṣù kẹta yóò pé sílẹ̀ báyìí. Bí ọjọ́ náà bá dé tí kò sí nǹkan gidi lójú ọ̀nà, gba iṣẹ́ tó mọ́ èyíkéyìí tó ń mówó wọlé, kí o máa ti orí rẹ̀ wá èyí tí o fẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á gé owó kékeré kékeré, wọn kò ní fọwọ́ kan ilé tó wọ́n àti ọkọ̀ tó ń jẹ gbèsè. Àwọn tó yá ọ lówó, lọ bá wọn kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Bí o bá kọ́kọ́ lọ, wọ́n lè sún un síwájú fún ọ. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ á ti yàtọ̀. Owó tí wọ́n fi dá ọ sílẹ̀, má kó o sínú òwò tí o kò tíì ṣe rí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo lè fọwọ́ sí pé kí o fi dán nǹkan wò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Nǹkan mẹ́ta ló lè kú nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló ń kú: owó kò wọlé mọ́, ọ̀gá ta ilé iṣẹ́, tàbí oníbàárà ńlá kan lọ. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń tán lọ láyé: ẹ̀rọ ti gbà á, tàbí ènìyàn méjì ń ṣe ohun tí mẹ́wàá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ó jẹ́ pé ìwọ àti ipò náà ni kò bára mu, yálà ìmọ̀ kù díẹ̀ káàtó ni o, ìwà ni o, tàbí irú ọ̀gá tí o lè bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kú tó lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun fún ọdún méjì ti fi ọdún méjì ṣòfò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tán lọ tó ń wá irú rẹ̀ kiri yóò tún padà wá sílé láìpẹ́.

Báwo ni o ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ? Kó ìpolówó iṣẹ́ ọgbọ̀n jọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, gbogbo wọn lórí irú ipò tí o kúrò. Bí o kò bá rí ọgbọ̀n, ìyẹn gan-an ti jẹ́ ìdáhùn. Bí o bá rí i, ka ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o máa fa ìlà sábẹ́ èyí tí o kò ní. Ohun tó bá hàn nínú bí ìdajì wọn, tí o kò sì ní, òun ni kí o lọ kọ́, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń polówó fún ọ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, to iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti bọ́ sórí ìwé kan ṣoṣo: bí o ṣe gbọ́ nípa rẹ̀, ọjọ́ mélòó lo fi ronú kí o tó gbà á, ìgbà tí o kọ́kọ́ rí àmì pé nǹkan kò lọ dáadáa, àti ìdí tí wọ́n sọ. Àkànní, wo ìlà kejì, ti ọjọ́ tí o fi ronú, dáadáa. Bó bá jẹ́ pé kíákíá lo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí owó ti ń tán, kì í ṣe iṣẹ́ àkáńtì ló ní ìṣòro, bí o ṣe ń yan ilé iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá ní kí o béèrè ìbéèrè, béèrè pé: ẹni tó wà nípò yìí tẹ́lẹ̀, níbo ló lọ? Ìdá mélòó owó tó ń wọlé ló ń ti ọ̀dọ̀ oníbàárà tó tóbi jù wá? Bí ó bá lé ní ìdajì, mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹni yẹn bá lọ ni iṣẹ́ rẹ náà yóò mì.

Ìwé mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí o kọ. Gbàgbé orúkọ ipò rẹ, kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe. O ń fi ìwé báńkì wé ìwé ilé iṣẹ́ lópin oṣù. O ń wá ibi tí owó ti sọnù. O ń ṣàlàyé iye fún ọ̀gá tí kò mọ ìṣirò. O ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Fi àmì sí èyí tí ẹlòmíràn lè sanwó fún níta iṣẹ́ àkáńtì, fi àmì mìíràn sí èyí tí kì í sú ọ. Èyí tó bá gba àmì méjèèjì ni kí o tẹ̀ lé. Ẹni tó ń rí ibi tí owó ti sọnù wúlò nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé owó àti nínú ìtọ́jú ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣàlàyé wúlò fún àwọn tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà ìṣírò owó, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kọ́ oníbàárà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o gbé lẹ́ẹ̀kan náà: ṣe iṣẹ́ tí o mọ̀ ní irú ilé iṣẹ́ tuntun, tàbí iṣẹ́ tuntun ní irú ilé iṣẹ́ tí o mọ̀. Ẹni tó yí méjèèjì padà pọ̀, àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò kà á sí, owó àkọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò sì san.

Dán an wò kí o tó fi ara jìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tó. Bá oníṣòwò kékeré kan to ìwé ẹrù rẹ̀, kí o rí i bóyá iṣẹ́ náà bá ọ lára mu ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí kò dà bí ohun tuntun mọ́. Kọ́ọ̀sì olówó gọbọi kò gbọdọ̀ ṣáájú èyí, má sì san owó rẹ̀ láìbá ènìyàn méjì tó ti parí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ibi tó gbé wọn dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí òun tó gbà ọ́ síṣẹ́, gbájúẹ̀ ni. Má dá a lóhùn.

Má fi í pamọ́ fún ènìyàn pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ló gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lemọ́lemọ́. Ẹnu ojúlùmọ̀ tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni púpọ̀ jù nínú wọn ti gbọ́ ọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí o mọ̀ ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ náà mọ̀, ojúlùmọ̀ ló ń gbọ́ ohun tí kò dé etí rẹ. Má fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ènìyàn márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, báyìí: “Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Èmi Àkànní ni, tí a jọ ṣe àyẹ̀wò ìwé owó ní 2019. Iṣẹ́ mi parí lóṣù tó kọjá, mo sì ń wò ó bóyá iṣẹ́ ìtọ́jú ẹrù lè bá mi mu. Ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ṣé mo lè pè yín fún ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ yìí? Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo ní.” Bí ẹ bá parí ọ̀rọ̀, béèrè ẹni méjì mìíràn tí o lè bá sọ̀rọ̀. Kí ọjọ́ kejì tó pé, kí o ti dúpẹ́.

Ṣí ìwé kan tí wàá máa kọ ọjọ́, ilé iṣẹ́ àti ìdáhùn sí. Bí o bá fi ogún ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò pè ọ́, CV rẹ, ìyẹn ìwé tó sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ, ló ní àrùn, tàbí o ń wá ipò tí kò bá ọ mu. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ tí wọn kì í mú ọ, ìdáhùn ẹnu rẹ ni kí o tún ṣe.

Wọn yóò sì bi ọ́ pé kí ló dé tí o kúrò. Gbólóhùn méjì péré ni kí o fi dáhùn: “Wọ́n kó ẹ̀ka wa pọ̀ mọ́ ti olú ilé iṣẹ́, ipò mi sì lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà mo ti ń bá oníṣòwò kan to ìwé ẹrù rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ipò yín wù mí.” Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má purọ́, torí wọ́n máa ń pe ibi tí èèyàn ti kúrò. Má sì bú ọ̀gá àtijọ́. Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ, inú yìí kì í sì í lè fara pamọ́ lójú ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Ní 1994, James Pennebaker, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó fi ogún ìṣẹ́jú lóòjọ́ kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn nípa rẹ̀, fún ọjọ́ márùn-ún, tètè rí iṣẹ́ ju àwọn tí kò kọ ọ́ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n wá iṣẹ́ jù wọ́n lọ. Ó jọ pé bí ọkàn wọn ṣe rí sí ọ̀rọ̀ náà ló yí padà.

Jẹ́ kí ọjọ́ rẹ ní ìlànà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń bọ́ abúlé Marienthal ní Austria kógbá sílé, Marie Jahoda, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣèwádìí níbẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933. Àkókò wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé dín kù, àwọn ọkùnrin sì ń rìn falẹ̀ ní ìgboro. Iṣẹ́ ló ti ń bá wọn pín ọjọ́. Jí ní àkókò kan náà, wá iṣẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, kí o sì dìde ńlẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, títẹ bọ́tìnì lásán ni. Fi èyí tó kù kọ́ nǹkan, rìn, kí o sì wà láàárín ènìyàn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohunkóhun kò dùn mọ́ ọ, lọ rí dókítà. Bí èrò pé ikú sàn bá wá sọ́kàn rẹ, má dúró dé ọ̀sẹ̀ méjì: pè mí lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́, kí a jọ lọ.

Fi ìwé tí o to iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, pẹ̀lú ìṣírò oṣù rẹ. Ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí, ya àwòrán rẹ̀ fún mi lónìí, kí a jọ kà á kí o tó dá wọn lóhùn. Owó kọ́ọ̀sì tí o sọ lórí fóònù yẹn, jọ̀wọ́, má tíì san án.

Èmi ni,
Ìyá rẹ