Ẹ̀sùn: coke ni mo sanwó fún, èédú ilẹ̀ ni ẹ kó wá

Àgbẹ̀dẹ wa,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alágbẹ̀dẹ ni mí, ọkọ́ àti àdá ni mò ń rọ fún àwọn àgbẹ̀ Adó, Ìyìn àti agbègbè wọn. Coke, ìyẹn èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti sun èéfín inú rẹ̀ jáde, ni mo ní kí ẹ kó fún mi, coke náà ló wà lórí rìsíìtì yín. Èédú ilẹ̀ ni ọkọ̀ yín já sílẹ̀. Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó gbé fóònù ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, pé èédú ṣáà ni.

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Èédú igi ni bàbá mi fi ṣiṣẹ́ títí ó fi kú: igi tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, tí iná sì rọra jẹ lábẹ́lẹ̀. Ó fúyẹ́, ojú igi ṣì máa ń hàn lára rẹ̀. Èédú ilẹ̀ ní tirẹ̀, igi àti ewéko ayé àtijọ́ tí ilẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún àìmọye ọdún ló di òkúta dúdú. Àpáta la ní l'Ékìtì níbí. Enúgu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, òun ni wọ́n sì fi ń dáná ọkọ̀ ojú irin nígbà náà. Inú èédú ilẹ̀ ni coke ti ń wá, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ sun ún nínú ààrò tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, títí èéfín, ọ̀dà àti apá kan imí-ọjọ́ inú rẹ̀ yóò fi jáde. Èyí tó kù á wá ní ihò wínníwínní bí búrẹ́dì, àwọ̀ rẹ̀ á jọ eérú, kò sì ní rú èéfín mọ́. Kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo èédú ilẹ̀ ló ṣeé sun di coke. Ti Enúgu kò ṣeé ṣe.

Èyí tí ẹ kó wá ń dán, ó wúwo, ó sì ń là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe fín ẹwìrì báyìí, èéfín bo gbogbo wa, òórùn imí-ọjọ́ gba àdúgbò, ìyá tó ń ta gààrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì gbé igbá rẹ̀ kúrò. Àdá tí mo kì bọ iná pọ́n dáadáa. Mo gbé e lé owú, mo lù ú, ó sán láti ẹnu dé ìdí. Bí imí-ọjọ́ bá ti wọ irin lára, bó ṣe máa ń fọ́ lábẹ́ ọmọ owú nìyẹn nígbà tó bá gbóná.

Ẹ wá kó èédú yín, kí ẹ gbé coke mi wá. Bí kò bá sí, ẹ dá owó mi padà, kí n lọ ra èédú igi. Ẹ san owó àwọn irin tó bàjẹ́ pẹ̀lú; mo ti tọ́jú wọn kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ohun tó wà nínú àpò sára àpò. Ẹni tó ń yan ẹja lè ra irú èyí lọ́wọ́ yín, kó rò pé èédú igi ni, oúnjẹ ọmọ ènìyàn ni yóò sì fi yan.

Mò ń retí yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àsìkò ìroko ti dé, àwọn àgbẹ̀ sì ti san àsansílẹ̀ ọkọ́ wọn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, alágbẹ̀dẹ l'Ádó-Èkìtì