Baba Tí Ó Ń Wá Ọmọ Rẹ̀

Denver, Colorado

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, inú mi sì dùn púpọ̀ pé ara Màmá ti yá. O bèèrè ẹni tí ọkùnrin onírun dídì náà jẹ́, ẹni tí àwòrán rẹ̀ wà nínú gíláàsì aláràbarà tí mo yà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ láti ilé ìjọba ìpínlẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Ouray. Olórí àwọn Tabeguache ni, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Ute, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ni àwọn òkè wọ̀nyí kí ẹnikẹ́ni tó pe ibẹ̀ ní Colorado. Láti ìgbà tí mo ti wa ọkọ̀ lọ sí Montrose, níbi tí oko rẹ̀ wà nígbà ayé rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí náà fi ara balẹ̀, nítorí ìdáhùn mi yóò gùn ju ìbéèrè rẹ lọ.

Nǹkan bí ọdún 1833 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Taos ní New Mexico. Apache, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn Ute ti sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ute ni ìyá rẹ̀. Ó da àgùntàn ní kékeré fún àwọn tí ń sọ èdè Spéènì, ó gbọ́ èdè wọn dáadáa, ó sì gbọ́ Ute, Apache àti Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọn. Èdè ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Àwọn Ute kò ní ọba kan ṣoṣo, agbo kọ̀ọ̀kan ni ó ní àgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń wá ẹnì kan tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn yé ni wọ́n yàn, wọ́n sì ń pè é ní olórí gbogbo Ute. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ute kò gbà bẹ́ẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni Ouray sì wà títí ó fi kú.

Ní 1868, òun àti àwọn àgbà mìíràn lọ sí Washington, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta Colorado, ní apá ìwọ̀-oòrùn, sílẹ̀ fún àwọn Ute, tí ó sì ka ilẹ̀ náà léèwọ̀ fún àjèjì. Kò pẹ́ tí àwọn awakùsà fi rí wúrà àti fàdákà ní òkè San Juan, èèwọ̀ sì parí.

Ibi tí mo fẹ́ kí o gbọ́ gan-an nìyí. Ouray ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, tí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó ti di olóògbé, bí fún un. Ní nǹkan bí 1863, nígbà tí wọ́n lọ ṣọdẹ ẹfọ̀n ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀tá ya lù wọ́n, wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ. Chipeta, ìyàwó tí ó fẹ́ ní 1859, kò bímọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí Felix Brunot, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, wá ní 1873 láti gba òkè San Juan lọ́wọ́ wọn, ó ṣèlérí fún Ouray pé ìjọba yóò bá a wá ọmọ rẹ̀. Àdéhùn tuntun yìí fìdí múlẹ̀: nǹkan bí mílíọ̀nù 3.7 éékà lọ, ìjọba yóò máa san 25,000 dọ́là fún àwọn Ute lọ́dọọdún, Ouray fúnra rẹ̀ yóò sì máa gba 1,000 dọ́là lọ́dún fún ọdún mẹ́wàá, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì jẹ́ olórí. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá pàdé rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ náà ní òun kì í ṣe Ute, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó tọ́ ọ dàgbà.

Mo mọ ohun tí ìwọ yóò sọ, pé wọ́n fi ọmọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ baba, wọ́n sì fi owó ọdọọdún lé e. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, owó yẹn kò sì dùn mọ́ mi nínú títí di òní. Ṣùgbọ́n Ouray ti dé Washington, ó ti rí iye sójà tí ó wà níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni nígbà tí ọwọ́ ẹni kò tí ì tẹ èèkù idà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kan kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé Sapinero, arákùnrin Chipeta, gbé àáké sókè láti pa á, pé Ouray bì í ṣubú, ó sì fẹ́ fa ọ̀bẹ yọ, ṣùgbọ́n Chipeta ti já ọ̀bẹ náà gbà kúrò nínú àkọ̀ kí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ọkọ níhìn-ín, ọmọ ìyá lọ́hùn-ún: rò ó wò.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1879, ní White River, Nathan Meeker, aṣojú ìjọba tí ó fẹ́ fi dandan sọ àwọn Ute ibẹ̀ di àgbẹ̀, tú ilẹ̀ tí ẹṣin wọn ti ń jẹko, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe sójà. Wọ́n pa á pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì kó ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, obìnrin mìíràn àti ọmọ kékeré méjì tí obìnrin yìí bí ní ìgbèkùn. Àwọn ará White River kò sí lábẹ́ Ouray, síbẹ̀ nígbà tí ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n dáwọ́ ogun dúró, wọ́n gbọ́. Ọjọ́ 23 ni àwọn ẹni ìgbèkùn lò kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn wá sí ilé Ouray, níbi tí Chipeta ti tọ́jú wọn, tí ó sì sunkún nítorí ìyà tí ó jẹ wọ́n. Bàbá tí ìjọba kò lè bá gba ọmọ tirẹ̀ padà ni ó gba àwọn ọmọ ọlọ́mọ yìí padà fún wọn.

Ẹ̀san rẹ̀ ni pé àwọn ará Colorado ń pariwo kí gbogbo Ute kó kúrò nílùú, àwọn Tabeguache tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ náà pẹ̀lú. Àrùn kíndìnrín ti mú Ouray nígbà náà. Àdéhùn 1880 lórí ọ̀rọ̀ kíkó kúrò yìí kò lè fìdí múlẹ̀ àfi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àgbà ọkùnrin bá fọwọ́ sí i, ó sì gun ẹṣin lọ sọ́dọ̀ àwọn Ute ti gúúsù ní Ignacio láti pàrọwà fún wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, wọ́n sì sin ín ní ìkọ̀kọ̀ sáàárín àpáta. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, sójà lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Utah, Chipeta pẹ̀lú wọn, tí ó fi oko, ilé àti ìtẹ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan bí ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà tí ó kú níbẹ̀ ní 1924. Ojú rẹ̀ ti fọ́.

Ní 1925 ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà wá sí oko àtijọ́ ní Montrose, níbi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Ute wà báyìí. Nínú ọdún yẹn kan náà ni wọ́n hú egungun Ouray, ṣùgbọ́n Ignacio ni wọ́n tún un sin sí. Nígbà tí o bá dé, a ó lọ sí ibojì méjèèjì. Ọ̀nà náà gba àárín òkè San Juan, ó sì gba inú ìlú kékeré kan tí àwọn awakùsà tẹ̀ dó lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà, tí wọ́n sì sọ ní Ouray. Mú aṣọ òtútù dání, kódà bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹfà.

Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.