Màámi, inú sàréè ni mo wà lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ ní mi ò gbé fóònù yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ má bínú, inú sàréè ni mo wà. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló fi mọ́tò gbé wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ abúlé Avebury, kò jìnnà sí Swindon ní England níbí. Koríko ló bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ họ ọ́ báyìí, funfun báláú, ẹfun ni, òkè ẹfun lọ súà, ó lẹ̀ mọ́ bàtà mi délé. A wá gun òkè lọ síbi tí wọ́n ń pè ní West Kennet Long Barrow, òkìtì gbọọrọ tó gùn tó 100 mítà, wọ́n ní bíi ọdún 3650 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n mọ ọ́n. Òkìtì míì wà nítòsí tí wọ́n ń pè ní Silbury Hill, ó ga ju 30 mítà lọ, ọwọ́ èèyàn ló mọ ìyẹn náà, wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọn ò rí òkú kankan níbẹ̀, ṣé ẹ rí iṣẹ́ àṣedànù.

Èyí tí mo wọ̀ ní òkú ní tiẹ̀. Òkúta ràgàjì-ràgàjì dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ wọn lèèyàn ń gbà wọlé. Yàrá márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ìkan nísàlẹ̀ pátápátá. Ó kéré tán èèyàn 36 ni wọ́n bá eegun wọn níbẹ̀, àgbà, ọmọdé, títí kan ìkókó, eegun ti dà pọ̀ mọ́ra. Mo tan iná fóònù, mo rí òkúta kan lára ògiri tí apá kan ẹ̀ ń dán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ́n àáké olókùúta wọn láyé ìgbà náà. Mo fọwọ́ pa á, ó tutù, ó ń yọ̀ bí ọlọ Ìyá àgbà gẹ́lẹ́.

Ẹnì kan ti gbé òdòdó sí yàrá ìsàlẹ̀ o, pẹ̀lú àbẹ́là tó ti jó tán. Òyìnbó! Tó bá jẹ́ àdúgbò wa ni, pásítọ̀ á ti ní ẹbọ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Bàbá àgbà tí wọ́n sin sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tá a máa ń tẹ́ ẹní sùn lé lórí tí ẹ̀rù ò sì bà wá. Ẹ ní Bùọ̀dá fẹ́ fọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kó lẹ táìlì. Mi ò ní kó má ṣe é, ilẹ̀ yẹn ti là káàkiri. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ kù tẹ́ ẹ mọ ibi tí orí bàbá kọ sí. Kó tó da síméńtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró síbẹ̀, kó ya yín ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Ọmọ yín ní Swindon.