Ibi tí ọ̀rọ̀ ilé wa dé dúró

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹwàá.

Ìyá Ìbejì mi, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ẹ kú òtútù Kánádà ọ̀hún o, ìwọ àti Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ voice note tí o ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò kàn fẹ́ fi voice note fèsì ni, torí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, mo sì fẹ́ kí o kà á dáadáa nígbà tí ọwọ́ ẹ bá dilẹ̀, kí o lè bá mi rò ó.

O ní ṣé a ti kó wọ ilé tiwa. Rárá o, a ò tíì sanwó pàápàá, ṣùgbọ́n a ti rí ilé! Ọ̀bà-Ilé ló wà, bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta, bàbá kan tó jẹ́ tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì ló kọ́ ọ, bàbá náà ti di olóògbé. O máa mọ̀ tí o bá débẹ̀ pé ẹni tó ní sùúrù ló kọ́lé yẹn, gbogbo ògiri ẹ̀ ló gún, kíṣìnì fẹ̀, igi ọ̀sàn kan wà lẹ́yìn tó ń so gan-an.

O rántí pé ilẹ̀ la fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, ká máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí o kúrò nílé ní 2019, báàgì sìmẹ́ńtì kan ò tó 3,000 náírà, ní báyìí ó ti sún mọ́ 10,000, ká má tíì sọ ti irin àti páànù. Ọkọ mi, Dádì Ire, tó ń ṣe wíńdò àlúmíníọ́mù, tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọ́lé ló ń bá da nǹkan pọ̀ lójoojúmọ́, òun ló sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́sítọ́mà òun ò tíì kúrò ní líńtẹ́lì, koríko ti hù nínú pálọ̀ wọn. Bí a ṣe gbà pé ilé tó ti dúró la máa wá nìyẹn.

Ìwé ló dá wa dúró. Bàbá ò ṣe wíìlì kó tó kú, ọmọ márùn-ún ló fi sílẹ̀, àkọ́bí ọkùnrin ló mú wa lọ wo ilé, ó ní ká sanwó, òun á já rìsíìtì fún wa, àwọn àbúrò òun ò ní sọ nǹkan kan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni o, mi ò rí àbùkù kankan lára ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà wa ní rárá, wọ́n ní ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe wíìlì, ti gbogbo ọmọ ni, ẹnì kan ò lè dá a tà, àfi kí wọ́n lọ sí probate, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún ní kóòtù gíga, kí wọ́n lọ gba letter of administration, ìwé yẹn ló máa dárúkọ àwọn tó láṣẹ lórí ogún náà, wọ́n á sì gbé e jáde kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn lè wá sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni deed, ìwé tí wọ́n fi ń gbé ilé fún ẹni tó rà á, ẹ̀yìn deed ni àṣẹ gómìnà ní Alágbàká tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, torí láti 1978 tí Land Use Act, òfin ilẹ̀, ti jáde, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ilẹ̀ tó bá sì ti ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, bíi ti bàbá yìí, wọn ò lè gbé e fún ẹlòmíì kí gómìnà má fọwọ́ sí i.

Owó gan-an tún so mọ́ ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ níbí, ni wọ́n ti ń yọ 2.5% nínú owó oṣù mi fún National Housing Fund, àpò owó ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, èlé tí wọ́n ń gbà lórí owó tí wọ́n bá yáni níbẹ̀ ò tó 10% lọ́dún, èèyàn lè máa san án fún ọdún tó pọ̀, ìwọ náà gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èlé àwọn báǹkì tó ti ju 20% lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n wọn ò ní yáni lówó lórí ilé tí ìwé ẹ̀ ò dúró. Kọpuréètìfù Dádì Ire àti àjọ tí mò ń dá, ìyẹn la máa fi ṣe owó àkọ́san, a ò sì fọwọ́ kàn án.

Jẹ́ kí n sọ bí ilé yẹn ṣe wọ̀ mí lọ́kàn. Oṣù kẹta la kọ́kọ́ débẹ̀, ìgbà tí kànga àdúgbò wa ní Ìjọ̀kà ti gbẹ, tó jẹ́ pé omi táńkì là ń rà. Mo ju okùn sínú kànga bàbá, mo gbọ́ bí garawa ṣe kan omi lẹ́ẹ̀kan náà, mo fà á sókè, omi mọ́ roro, mo bù ú mu níbẹ̀. Lóṣù keje, òjò kan rọ̀ láti òru mọ́jú, wọ́n ní odò Àlà kún dé ilé àwọn tó wà létí ẹ̀, ni Dádì Ire bá gbé ọ̀kadà jáde, ó ní ká lọ wo ilé náà báyìí báyìí, pé ìgbà òjò lèèyàn ń mọ ilé. Omi ń ṣàn lójú títì níwájú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ ọgbà. A bọ́ bàtà, a ń fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri láti igun dé igun, ó gbẹ, igun kan péré ní yàrá ẹ̀yìn ni sílíǹ ti pọ́n díẹ̀, ó ní ìṣó páànù kan ló yọ. Ọjọ́ yẹn náà ló wọn gbogbo wíńdò, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó máa ń kó sápò, ó ní louvre yẹn lòun á kọ́kọ́ yọ. Mo ní kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì di tiwa, ó ní wíwọ̀n kì í ṣe kíkàn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, a jà lórí ilé yìí. Màmá ọkọ mi wá láti Ìdànrè, wọ́n kó iṣu tuntun àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá (wọ́n mà gúnyán fún wa o), wọ́n wá ní kí ló dé tí a ò san díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa tà á fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn bá ohun tó ti wà nínú Dádì Ire pàdé, ẹ̀rù ń bà á pé ilé á bọ́ lọ́wọ́ wa, ó ní èmi àti lọ́yà ti jọ fẹ́ ìwé ju ilé lọ. Ó dùn mí gan-an. Ẹnì kan wà tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sanwó ilé ogún fún ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ tó ni ín, ó ti kun ilé tán, ni àbúrò dé láti Èkó tó ní òun ò mọ̀ sí i, kóòtù ni wọ́n ṣì wà di òní. Mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò fẹ́ wọ ilé tí ọmọ bàbá kan á máa kọjá níwájú ẹ̀ tí á máa sunkún, pé gbogbo wọn ni mo fẹ́ kó fi inú dídùn gbé kọ́kọ́rọ́ fún wa, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ká máa háyà lọ. Ó dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ ó ní òun gbọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló bá àkọ́bí náà sọ̀rọ̀, lọ́yà wá kọ àdéhùn, àwọn ọmọ tó wà ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i pé wọn ò ní tà á fún ẹlòmíì kí ìwé kóòtù tó jáde, a ò sì fún wọn ní kọ́bọ̀.

Lándílọ́ọ̀dù wa ti fowó kún owó ilé, ọdún méjì ló fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó ẹ̀ ló bá wa bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà pé ká máa san án lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Mi ò ra aṣọ ẹbí kankan lọ́dún yìí, lẹ́ẹ̀sì tí o fi ránṣẹ́ ni mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò mi l'Óǹdó, ó sì wú àwọn èèyàn lórí. Ire ti wọ Primary 5, ó ti ní yàrá tó kọjú sí igi ọ̀sàn ni tòun.

Ibi tí mo ti nílò ẹ rèé. Àbíkẹ́yìn bàbá wà ní Kánádà níbẹ̀, òun nìkan ló kù kó fọwọ́ sí ìwé, lọ́yà ní iwájú notary public, ìyẹn ẹni tí òfin yàn láti jẹ́rìí sí ìwé, ló ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìwọ náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń pín oko kòkó bàbá yín. Ṣé òǹtẹ̀ notary yẹn nìkan ni wọ́n gbà nílé, àbí o tún ní láti gbé e lọ sí ọ́fíìsì Nàìjíríà ní Ottawa? Báwo ló ṣe pẹ́ tó kó tó dé, DHL ni àbí ẹnì kan lo fi rán? Jọ̀ọ́, bí o bá ti ń ka èyí tán ni kí o fèsì, torí ọmọbìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun máa ráyè, mo sì fẹ́ fi ohun tí o bá sọ ránṣẹ́ sí i kó tó lọ.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, bá mi gbá Táyé àti Kẹ́hìndé mọ́ra.

Èmi ni tìẹ,
Ìyá Ire.